Àtúnlé: Tẹ́tẹ́ Tí Òyìnbó Méjì Ta Lórí Etíkun Máhìn ní 1885

Bí àwọn àgbà bá gbọ́ pé ọmọ ilé-ìwé gíga kan jókòó tí ó ń kọ̀wé lórí tẹ́tẹ́ pókà, ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ sí wọn lọ́kàn ni pé owó ilé-ìwé ọmọ náà ti gba ibi tí kò yẹ lọ. Kí ẹ̀yin òǹkàwé fi ọkàn balẹ̀. Èmi kì í ta pókà. Ọmọ Araròmí ni mí, ní etíkun Ìlàjẹ, whot ni a sì ń ta níbẹ̀ nígbà tí a bá ń dúró de ọkọ̀, tàbí nígbà tí òkun bá ń bínú. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan wà nínú pókà tí mo fẹ́ yá lò fún ìgbà díẹ̀, nítorí pé láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n ni ọ̀rọ̀ kan nínú ìtàn ilẹ̀ wa ti yé mi ju bí àwọn ìwé ti ń sọ ọ́ lọ. Ọ̀rọ̀ náà ni bí Jámánì ṣe na ọwọ́ sí etíkun Máhìn nínú oṣù January 1885, tí ó sì ká ọwọ́ rẹ̀ kúrò kí ọdún náà tó parí. Ọ̀pọ̀ ìwé kò fún un ju ìlà méjì lọ: àwọn Jámánì wá, wọ́n sì lọ. Èmi kò gbà pé bẹ́ẹ̀ lásán ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọgbọ́n náà ná. Nínú irú pókà tí wọ́n ń ta jù lọ láyé òde òní, èyí tí wọ́n ń pè ní Texas hold'em, káàdì méjì péré ni a ń fún oníkálukú, òun nìkan ni yóò sì wò ó. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò ṣí káàdì márùn-ún sí àárín tábìlì fún gbogbo ènìyàn, mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, kí méjì tó kù tó tẹ̀lé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kí káàdì àárín kankan tó ṣí, a ti fi dandan mú ènìyàn méjì láti fi owó sílẹ̀. Ká ní ọ̀kan fi 50 náírà sílẹ̀, èkejì fi 100 náírà. Owó àfidandan yìí ni ìdí ìjà. Bí kò bá sí i, kò sí ẹni tí yóò fi kọ́bọ̀ sílẹ̀ àfi ẹni tó gba ásì méjì. Nígbà náà ni ẹnìkan yóò ní òun lé e sí 300. Ó wá kàn ọ́. O lè ju káàdì rẹ sílẹ̀, o lè san 300 kí o bá a lọ, tàbí kí o wò ó lójú kí o ní, "Ó di 900." Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo ń pè ní àtúnlé. Àwọn atapókà fúnra wọn ń ka á sí owó kẹta: owó àfidandan ni èkíní, ti ẹni tó lé e ni èkejì, ti ẹni tó tún un lé ni ẹ̀kẹta.

Ẹni tó bá ti ta whot rí ti mọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Bí ọ̀tá bá sọ èjì kalẹ̀ pé kí o mú káàdì méjì, tí ìwọ náà sì ní èjì lọ́wọ́, níbi tí wọ́n bá ti gbà á láyè ìwọ yóò fi tìrẹ lé tirẹ̀, ẹrù náà yóò sì padà sí i lórí ní ìlọ́po méjì. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé nínú whot, o gbọ́dọ̀ ní èjì náà lọ́wọ́ ní tòótọ́. Nínú pókà, o lè má ní nǹkan kan rárá.

Pókà fúnra rẹ̀, ọmọ odò ni bí tiwa. Inú ọkọ̀ tó ń ná odò Mississippi láti New Orleans lọ sókè ni ó ti gbilẹ̀ ní ìlàjì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn tó ń tọpa orúkọ rẹ̀ sábà máa ń so ó mọ́ eré poque ti àwọn Faransé àti Pochen ti àwọn Jámánì. Ọ̀rọ̀ Jámánì yìí túmọ̀ sí pé kí ènìyàn máa kan ilẹ̀kùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi Jámánì tó ń kan ilẹ̀kùn yìí sọ́kàn, a óò tún pàdé rẹ̀. Ti hold'em, ìlú kékeré Robstown ni àwọn aṣòfin Texas fi ọwọ́ sí ní 2007 pé ó ti ṣẹ̀, láti 1970 sì ni Benny Binion ti ń pe àwọn ọ̀gá atapókà jọ sí ilé tẹ́tẹ́ rẹ̀ ní Las Vegas láti mọ ẹni tó ju ẹni lọ.

Láyé àwọn àgbà wọ̀nyí, bí ẹnìkan bá ṣe àtúnlé kí káàdì àárín tó ṣí, ohun tí gbogbo tábìlì yóò gbà ni pé ó ní ásì méjì tàbí ọba méjì. Ẹ gbọ́ ìṣirò rẹ̀: ọ̀nà 1,326 ni káàdì méjì lè gbà bọ́ sí ènìyàn lọ́wọ́, ọ̀nà 6 péré nínú rẹ̀ ni ásì méjì. Ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 221 nìyẹn. Ẹni tó bá ń dúró de ásì méjì kó tó ṣe akin, owó àfidandan yóò ti jẹ ẹ́ tán kí ásì náà tó dé. Bó bá sì wá dé, gbogbo ènìyàn yóò ti mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọn yóò sá, yóò sì kó owó tín-ín-rín. Doyle Brunson, ọmọ Texas tó borí ní Las Vegas ní 1976 àti 1977, wà lára àwọn tó kọ́ ayé pé ẹni tó ń kọlù ni owó ń tọ̀ lẹ́yìn, kì í ṣe ẹni tó ń dúró. (Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ní ọdún méjèèjì, ẹ̀wá àti èjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ìfigagbága tó kẹ́yìn, káàdì tí ẹni tó gbọ́n kì í wò lẹ́ẹ̀mejì. Orí ló bá a ṣe é.)

Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí kì í ṣe atapókà. John von Neumann ni, onímọ̀ ìṣirò tí a bí ní Budapest ní 1903. Ní 1928 ó tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde ní èdè Jámánì lórí ìṣirò eré àṣenajú. Ní 1944, òun àti Oskar Morgenstern gbé ìwé ńlá jáde ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì ya apá kan sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún pókà. Ohun méjì ni ó rí. Èkíní ni pé ìhàlẹ̀ kì í ṣe ìwà àìmọ̀kan. Ẹni tí kì í halẹ̀ rárá, kò sí ẹni tí yóò san owó fún un lọ́jọ́ tí káàdì rẹ̀ bá dára. Èkejì ni ó yà mí lẹ́nu. Káàdì wo ni kí a fi halẹ̀? Ọ̀pọ̀ wa ni yóò ní kí a fi èyí tó mọ níwọ̀n. Von Neumann ní rárá. Káàdì tó mọ níwọ̀n ní iyì tirẹ̀, kí a rọra gbé e lọ sí òpin. Èyí tí kò já mọ́ nǹkan kan, tí kò lè borí láéláé bí kò ṣe pé ọ̀tá sá, òun ni kí a fi halẹ̀.

Lẹ́yìn tí íntánẹ́ẹ̀tì dé, tí akọ̀wé ìṣirò owó kan tó ń jẹ́ Chris Moneymaker fi 86 dọ́là bẹ̀rẹ̀ nínú ìdíje orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ó sì gba 2,500,000 dọ́là ní Las Vegas ní 2003, ọ̀dọ́ ya wọ inú eré náà bí omi. Láàárín wọn ni àtúnlé pẹ̀lú káàdì tí kò dára ti di ohun ojoojúmọ́. Ní 2017, ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní Libratus bá ọ̀gá mẹ́rin ta pókà ní Pittsburgh fún ìgbà 120,000, ó sì borí wọn. Kò sí ènìyàn tó kọ́ ọ ní ìhàlẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló bá ara rẹ̀ ta títí tó fi rí i pé kò ṣeé ṣe láìhalẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí 900 náírà wa. Ohun tó wà lórí tábìlì ni 50 àti 100 àti 300, àpapọ̀ rẹ̀ 450. Ìwọ fẹ́ fi 900 wá 450. Bí ọ̀tá bá sá ní ìgbà méjì nínú mẹ́ta, o ò pàdánù. Bó bá sá jù bẹ́ẹ̀ lọ, o jèrè, ìbáà ṣe ewé ògùnmọ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ. Ǹjẹ́ yóò sá? Ó wà lọ́wọ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti ń ṣe. Bó bá jẹ́ ẹni tó máa ń lé owó pẹ̀lú 40 nínú ọgọ́rùn-ún káàdì tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé 12 péré ni ó lè fi dúró bí ilẹ̀ bá gbóná, a jẹ́ pé ìgbà méje nínú mẹ́wàá ni yóò sá. Ẹni tó ń na ọwọ́ sí ohun púpọ̀ ju èyí tó lè dì mú lọ ni a ń ṣe àtúnlé sí. Lẹ́yìn èyí, ẹ tún wo ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń halẹ̀. Bí mo bá ní ásì kan, ọ̀nà 6 tí ọ̀tá lè gbà ní ásì méjì ti di 3: ẹja tó wà nínú àwọ̀n mi kò lè sí nínú tirẹ̀. Ohun kẹta kò sí nínú ìṣirò. Òun ni ohun tí ọ̀tá ń bẹ̀rù pé kí ó má bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́ níbòmíràn, tí kì yóò fi lè fi gbogbo ara jà níbí.

Ó tó báyìí lórí tẹ́tẹ́. Ẹ jẹ́ ká wọ ọkọ̀ lọ sí ilé.

Ẹni tó bá gba etíkun láti Èkó lọ sí ìlà-oòrùn, iyanrìn ni yóò máa rí. Nígbà tó bá dé agbègbè wa, kò ní pẹ́ tí iyanrìn yóò fi tán tí ẹrẹ̀ yóò sì gbà á, ẹrẹ̀ Máhìn, títí dé ẹnu odò Benin. Ẹrẹ̀ rírọ̀ máa ń pa agbára ìgbì. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí pé òkìtì iyanrìn tó wà lẹ́nu òkun Èkó ń fọ́ ọkọ̀, ó sì ń dá àwọn ọkọ̀ ńlá dúró síta. Lẹ́yìn ẹrẹ̀ tiwa ni ọ̀sà wà, ọ̀sà yìí sì ni ọ̀nà àbùjá láti Èkó gba Ẹ̀pẹ́ lọ sí ẹ̀yìn Máhìn. Láti ibẹ̀ ni a ti ń gòkè lọ sí Oǹdó. Gómìnà Glover mọ èyí. Òun ló rán Goldsworthy lọ sí Oǹdó ní 1872 láti tún ọ̀nà náà ṣe. Nígbà ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ọ̀nà apá ìlà-oòrùn yìí ni àwọn ọmọ Èkìtìparapọ̀ tó wà ní Èkó fi ń kó ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí àwọn ará wọn.

Ta ló wà ní ẹ̀gbẹ́ wa? Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, wọ́n fi Palma àti Lẹ́kì kún un ní 1863. Ní òdìkejì, ní odò Benin, Kọ́ńsù Hewett bá àwọn Ìtsẹkírì kọ̀wé àdéhùn nínú oṣù July 1884. Etíkun Ìlàjẹ wà láàárín méjèèjì bí ìjókòó tí kò sí ẹni tó jókòó lé e. Gbogbo ẹni tó bá wo àwòrán ilẹ̀ ló rí i pé Gẹ̀ẹ́sì ti ka àlàfo náà mọ́ tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì fi nǹkan kan sílẹ̀ lórí rẹ̀. Èyí gan-an ni ẹni tó ń lé owó pẹ̀lú 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Hewett ń kó ìwé àdéhùn kiri láti odò kan dé èkejì, ṣùgbọ́n ìjọba Gladstone tó rán an kò fẹ́ ná owó, kò sì fẹ́ rán ọmọ ogun. Gbogbo ayé sì ti rí i pé ó lè sá. Ní ọjọ́ 5 oṣù July 1884 ni Gustav Nachtigal, aṣojú Bismarck, ti gba Togo. Ní ọjọ́ 14 ó ti gbé àsíá Jámánì sókè ní Kamẹrúùnù. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà ni Hewett ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀ pẹ̀lú ìwé tirẹ̀. Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní Hewett Apẹ́-kó-tó-dé.

Oníṣòwò ni G. L. Gaiser, ará Hamburg. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà lára àwọn tó tóbi jù nínú òwò epo àti ekùrọ́ ní Èkó. Ọtí líle pẹ̀lú jẹ́ ọjà pàtàkì láti Hamburg, owó bodè tí ìjọba Èkó ń gbà lórí ọtí sì ni ó ń bọ́ ìjọba náà. Ẹ ò rí i pé ẹni tó bá ní èbúté tirẹ̀ ní Máhìn, tí ó ń gba ọ̀sà kó ọjà lọ sí Oǹdó láì san owó bodè ní Èkó, ti rí ọ̀nà ọrọ̀! Ní oṣù January 1885, àwọn aṣojú Gaiser gba ilẹ̀ etíkun lọ́wọ́ Amapétù, ọba Máhìn, Nachtigal sì bá ọba náà ṣe àdéhùn ààbò ní orúkọ Jámánì.

Kí ni Jámánì ní lọ́wọ́ níbẹ̀? Oníṣòwò kan, ìwé kan tó ṣì ń retí àṣẹ Berlin, àti ọkọ̀ ogun tó ń kọjá lọ. Gẹ̀ẹ́sì wà ní ọ̀tún, Gẹ̀ẹ́sì wà ní òsì. Ẹ̀wá àti èjì gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo àkókò tí wọ́n yàn. Ìpàdé Berlin bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù November 1884, kò sì parí títí di ọjọ́ 26 oṣù February 1885: káàdì àárín kò tíì ṣí. Nínú oṣù January kan náà, ní ọjọ́ 26, Khartoum bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Mahdi, wọ́n sì pa Ọ̀gágun Gordon. Owó Íjíbítì wà nínú ìdààmú, Gẹ̀ẹ́sì kò sì lè yanjú rẹ̀ láìsí àtìlẹ́yìn Bismarck. Nígbà tó fi di òpin oṣù March, àwọn Rọ́ṣíà ti ń jà ní ààlà Afghanistan. Mo ti ní kí ẹ wo ohun tí ọ̀tá ń bẹ̀rù níbòmíràn. Kò sí ìgbà tí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì kún tó ìgbà yẹn.

Ṣùgbọ́n lórí Máhìn, Gẹ̀ẹ́sì kò sá. Èkó wà nínú rẹ̀, ọ̀nà Oǹdó wà nínú rẹ̀. Ó wà lára àwọn 12 tí wọ́n lè fi dúró. Wọ́n bá Jámánì sọ̀rọ̀, àwọn ìwé tí Granville àti aṣojú Jámánì, Münster, kọ sí ara wọn ní ọjọ́ 29 oṣù April àti ọjọ́ 7 oṣù May 1885 sì yanjú ọ̀rọ̀ náà. Jámánì gbà pé òun kò ní wá ilẹ̀ kankan mọ́ láti Rio del Rey wá sí Èkó, ó sì fi St Lucia ní ilẹ̀ Zulu sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì náà gbà láti má dá sí apá Kamẹrúùnù, ó sì fẹ́ yọ ẹsẹ̀ ní Ambas. Victoria, ìlú tí àwọn Onítẹ̀bọmi tẹ̀ dó níbẹ̀ ní 1858, bọ́ sọ́wọ́ Jámánì ní 1887. Ní ọjọ́ 5 oṣù June 1885, Gẹ̀ẹ́sì kéde pé abẹ́ ààbò òun ni gbogbo etíkun láti Èkó títí dé Rio del Rey wà. Nachtigal kò rí èyíkéyìí nínú rẹ̀. Ó kú sínú ọkọ̀ lójú òkun ní ọjọ́ 20 oṣù April.

Èmi kò ní sọ pé Máhìn nìkan ló ra Ambas. Ohun púpọ̀ ló wà nínú ìdúnàádúrà náà. Ṣùgbọ́n èrò mi ni pé Bismarck kò fẹ́ Máhìn rí. Ohun tó ṣeé fi sílẹ̀ ni ó fẹ́, kí ó lè rí nǹkan gbà nígbà tó bá fi í sílẹ̀. Níbí ni òwe pókà mi ti ya kúrò lọ́nà, kò sì yẹ kí n fi pá mú un. Nínú pókà, ẹni tó bá sá ti pàdánù ohun tó fi sílẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ìlú sí ìlú, wọ́n lè san owó fún ọ pé kí o sá. Ìyàtọ̀ kejì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó tó wà lórí tábìlì pókà, ti àwọn tó jókòó ni. Èyí tó wà lórí tábìlì 1885, àwa ni. Orílẹ̀-èdè 14 ló pàdé ní Berlin, kò sí ọba aláwọ̀ dúdú kan láàárín wọn.

Síbẹ̀, inú mi kì í dùn nígbà tí àwọn kan bá ń sọ̀rọ̀ Amapétù bí ẹni pé òyìnbó kàn fi ọtí tàn án ni. Kí ọdún 1885 tó parí, ó ti bá Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe àdéhùn. Àwọn kan yóò ní ọba tó fọwọ́ sí ìwé òyìnbó méjì láàárín ọdún kan kò mọ ohun tó ń ṣe. Èmi wò ó lọ́nà mìíràn. Ọba tó ti rí bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń jẹ etíkun láti Èkó wá sí Lẹ́kì, tó sì rí i pé Nànà Olómù ti wà nínú ìwé wọn ní odò Benin, mọ̀ pé ẹni tó kù ni òun. Bí ẹlòmíràn bá dé tó fẹ́ rà, ó yẹ kí ẹni tó ti ń wo ọjà náà lọ́fẹ̀ẹ́ mọ̀ pé iye ti gòkè. Àtúnlé nìyẹn, òun náà sì ṣe é. Ohun tí kò ní ni ìròyìn. Ọ̀nà tí Khartoum àti Íjíbítì àti ilẹ̀ Zulu fi kan ẹrẹ̀ Máhìn, kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún un. Ó ta káàdì tirẹ̀ dáadáa lórí tábìlì kan ṣoṣo tó rí, wọ́n sì ń ta tábìlì mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà.

Ogun Àgbáyé Kìíní ló wá dé bá àwọn oníṣòwò Jámánì ní Nàìjíríà. Ìjọba ti àwọn ilé-iṣẹ́ wọn pa, ó sì kó dúkìá wọn sí gbàǹjo ní 1916. Ní ọjọ́ 8 oṣù November ọdún náà, ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì jiyàn gidigidi lórí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti fi owó lé owó níbẹ̀, bóyá Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni tàbí ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe ọ̀tá. Àwọn tó fẹ́ kí ó jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì nìkan fìdí rẹmi nígbà tí wọ́n dìbò. Ní London ni wọ́n ti lu gbàǹjo náà.